Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn: Láti Inú Ìwé Òfin Dé Ìbàfò

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ẹ̀ka òfin tó ń sọ ohun tí ìjọba, àti aládùúgbò ẹni pàápàá, kò gbọdọ̀ fi ojú ọmọ ènìyàn rí, tó sì ń sọ ilé-ẹjọ́ tí a ó gbé ẹni tó bá ṣe é lọ. Ìdajì kejì yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò. Kò ṣòro láti ka ẹ̀tọ́ sórí. Ohun tó ṣòro ni láti mọ èyí tí adájọ́ lè gbọ́ ẹjọ́ lé lórí, ẹni tó lè pẹjọ́, ẹni tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́, àti ohun tí olùpẹjọ́ máa rí mú délé. Ìbàfò, tó wà lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, dára láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde ló ń ra ilẹ̀ níbẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ò jìnnà, ibùdó àdúrà ńláńlá yí ìlú náà ká, ọlọ́pàá sì wà lójú títì. Ká ṣáà sọ pé ohun tí ìwé òfin ń kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Paris. Abala 30 ló ní, ó sì wà ní èdè Yorùbá lónìí. Nàìjíríà kò sí níbi tí wọ́n ti jókòó fọwọ́ sí i, nítorí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la ṣì wà. Ìkéde lásán náà sì ni: kò sí ẹni tó lè gbé e lọ bá adájọ́ kó ní kí ó gba òun. Nígbà tó di 1966, àjọ náà sọ ọ́ di àdéhùn méjì tó de orílẹ̀-èdè tó bá wọ̀ ọ́, ọ̀kan lórí ẹ̀tọ́ ìlú àti ti òṣèlú, èkejì lórí ẹ̀tọ́ ọrọ̀-ajé, àwùjọ àti àṣà. Oṣù Keje ọdún 1993 ni Nàìjíríà tó wọ àdéhùn méjèèjì. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni ìjọba ológun tó wọ àdéhùn náà fagi lé ìdìbò ààrẹ ti June 12. Ká fọwọ́ sí ìwé, ká sì ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìbẹ̀rù ló bí ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé òfin tiwa. Bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, àwọn ẹ̀yà kéékèèké ń pariwo pé àwọn ńlá máa gbé àwọn mì, wọ́n sì ń bèèrè ìpínlẹ̀ tiwọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ Willink dìde ní 1957 láti wádìí rẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní 1958, wọn kò dá ìpínlẹ̀ kankan lábàá. Wọ́n ní kí a kọ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn sínú ìwé òfin. Àwọn ẹ̀yà náà bèèrè ilẹ̀, ìwé ni wọ́n rí gbà. Ṣùgbọ́n ìwé náà ló wọ inú òfin òmìnira ọdún 1960, tó tẹ̀ lé wa dé 1963 àti 1979, tó sì wà ní Orí Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999.

Láàárín ìgbà wọ̀nyí, ológun gba ìjọba, wọ́n sì fi hàn bí ẹ̀tọ́ tó wà lórí ìwé ṣe fúyẹ́ tó. Ìwọ̀-Oòrùn ni ẹjọ́ tó tètè fi èyí hàn ti wá. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Ọ̀gbẹ́ni Lákànmí àti ẹnì kan pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ pé kò sí ìjọba tó lè fi òfin dá ẹnì kan lẹ́bi láìsí ẹjọ́. Kò tó oṣù kan tí àwọn ológun fi gbé Àṣẹ 28 jáde, tó sọ ìdájọ́ náà di asán. Ní 1984, Àṣẹ 2 fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́, Àṣẹ 4 sì sọ ìròyìn tó bá tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀. Oníròyìn méjì ti ilé-iṣẹ́ The Guardian ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀.

Ẹjọ́ Kàlàkúta ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé jù. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977 ni àwọn ọmọ ogun ya wọ Kàlàkúta, ilé olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní Èkó. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, látojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì dáná sun ilé. Obìnrin tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde lòdì sí owó orí ní Abẹ́òkúta ní 1947 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 1985, àwọn ẹbí náà pàdánù. Ìlànà àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé ọba kì í jẹ̀bi, ló ṣì bo ìjọba mọ́lẹ̀ ní 1977. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó kédàárò rẹ̀, ó sì fi kún un pé ìwé òfin 1979 ti pa ìlànà náà rẹ́, èyí tó dùn mọ́ orílẹ̀-èdè nínú àmọ́ tí kò ran àwọn olùpẹjọ́ lọ́wọ́. Inú ìdájọ́ yìí náà ló ti sọ pé ẹ̀tọ́ tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ga ju òfin ìlú yòókù lọ. Kò sí ìwé ìdánwò òfin tí gbólóhùn yẹn kì í sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó kọ ọ́ rántí pé ẹni tó pẹjọ́ lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Orí Kẹrin bẹ̀rẹ̀ ní abala 33, ó parí sí 46. Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí ló ṣíwájú. Iyì ara ẹni, òmìnira ara, ìgbẹ́jọ́ tó tọ́, àṣírí ilé ẹni, ẹ̀sìn àti èrò ọkàn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọ, lílọ-bíbọ̀, àìṣe ojúsàájú, àti níní ilé tàbí ilẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Abala 35, ti òmìnira ara, ló máa ń kan ará ìlú jù lọ.

Ká ní ọlọ́pàá mú alátapọ̀ kan nínú ọjà Ìbàfò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un, ní èdè tó gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ kò tíì kúnjú òfin. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́. Ìwé òfin ní kí wọ́n gbé e lọ láàárín àkókò tó bójú mu, ó sì túmọ̀ àkókò náà: ọjọ́ kan ni, bí ilé-ẹjọ́ tó lágbára lórí ọ̀ràn náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un; bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ bí adájọ́ bá rí i pé ó yẹ. Ṣágámù kò jìnnà tó kìlómítà 40 sí Ìbàfò. Nítorí náà, ọjọ́ kan péré ni òfin fún ọlọ́pàá Ìbàfò. Ọlọ́pàá tó bá mú ènìyàn lálẹ́ Jímọ̀ tó ní ó di ọjọ́ Ajé kò ní abala kankan tó lè tọ́ka sí. Òótọ́ ni pé ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú kò sí lábẹ́ ìlànà ọjọ́ yìí. Ẹni tí wọ́n bá sì tì mọ́lé láìtọ́, owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba ni abala 35 kọ fún un.

Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 fi ohun méjì kún èyí tí ó yẹ kí gbogbo ọlọ́jà mọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì nìyẹn, kì í ṣe ọ̀ràn. Alájọ tí kò rí owó oníbàárà san, ilé-ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, àyàfi bó bá jẹ́ pé jìbìtì ló ṣe. Èkejì, wọn kò gbọdọ̀ mú ìyá, aya tàbí àbúrò dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Àṣà méjèèjì ṣì ń ṣẹlẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ń sanwó béèlì tí wọ́n kọ sára ògiri téṣàn pé ọ̀fẹ́ ni. Inú irú ìrírí yìí ni ìbínú ọdún 2020 ti ṣẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún náà, agbábọ́ọ̀lù kan nínú ikọ̀ Remo Stars kú ní Ṣágámù lẹ́yìn tí SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, mú un, ìlú náà sì gbiná. Nígbà tí oṣù Kẹwàá fi pé, ìwọ́de EndSARS ti gba gbogbo gúúsù, ìjọba àpapọ̀ tú SARS ká, àwọn ìpínlẹ̀, tó fi mọ́ Ògùn, sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí wọ́n fìyà jẹ.

Díẹ̀ péré nínú ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ni kò ní ààlà. Abala 45 gbà kí òfin dín àṣírí ilé ẹni, ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọ àti lílọ-bíbọ̀ kù nítorí ààbò, ìlera, ìwà rere tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àmọ́ òfin ni abala náà sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu gómìnà. Ẹjọ́ gbálẹ̀-gbálẹ̀ Èkó ló là á jù lọ. Ní 2013, wọ́n mú obìnrin kan, Faith Okafor, torí pé ó rìn lójú títì ní wákàtí ìmọ́tótó àyíká, wọ́n sì bu owó ìtanràn fún un. Ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó sọ pé rírìn ní wákàtí yẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àṣẹ lásán kò sì lè rọ́pò òfin. Ká fi èyí wé oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí Ààrẹ kéde ìsémọ́lé fún Èkó, Ògùn àti Abuja nítorí àrùn Kòrónà. Ìlànà tí wọ́n kọ, tí wọ́n fi òfin àtijọ́ lórí àrùn tó ń ràn gbé lẹ́sẹ̀, ni wọ́n fi ṣe é. Bóyá òfin náà tó tàbí kò tó, àwọn lọ́yà jà lé e lórí, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìwé wà tí wọ́n lè jà lé lórí.

Ní agbègbè Ìbàfò, ẹ̀sìn ni ààlà yìí ti máa ń le jù. Prayer City ti ìjọ Mountain of Fire wà lójú márosẹ̀ náà, ibùdó Redeem wà níwájú ní ìhà Mowe, ibùdó NASFAT sì wà ní Aṣẹ́ṣe. Ẹni tó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe ìṣọ́ òru kò lè ní kí wọ́n má gbàdúrà. Ó lè ní kí ohùn ẹ̀rọ náà má wọlé òun. Abala 38 dáàbò bo ìjọsìn, abala 45 sì rántí oorun aládùúgbò. Ní ti aṣọ, ẹjọ́ híjáàbù àwọn ọmọ iléèwé ìjọba ní Èkó ṣe ọdún púpọ̀ ní ilé-ẹjọ́ kó tó parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2022. Adájọ́ márùn-ún nínú méje ti Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gbà pé àwọn ọmọbìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gùn, ó sì ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Abala 43 ní ọmọ Nàìjíríà lè ra ilé tàbí ilẹ̀ níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà Ìgbò, Ègùn tàbí Ìjẹ̀ṣà tó bá ra ilẹ̀ ní Ìbàfò kì í ṣe àlejò lójú òfin. Abala 44 ní ìjọba kò gbọdọ̀ gba dúkìá ẹni láìsan owó gbà-má-bínú kíákíá. Àmọ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ohun tó sì ń san owó lé lórí jù ni ilé àti irúgbìn, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ lọ́jà. Ẹni tó ra ilẹ̀ olówó ńlá tí kò tíì gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e, tí ọ̀nà wá gba ibẹ̀ kọjá, ìbànújẹ́ ló máa bá nídìí àkáǹtì. Ní ti ọmọ onílẹ̀ tó ń fi jàgídíjàgan wọlẹ̀, ìjọba Ìbíkúnlé Amósùn ṣe òfin kan ní 2016 tó sọ fífi ipá wọlé tàbí wọlẹ̀ ẹlòmíràn di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹjọ́ lórí ta ló ni ilẹ̀ wá ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rárá. Láti ìgbà ẹjọ́ Tukur ní 1989 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti fi lélẹ̀ pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n rú gbọ́dọ̀ jẹ́ gbòǹgbò ẹjọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀ka rẹ̀. Lọ́yà tó bá fi orúkọ ẹ̀tọ́ bo ẹjọ́ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ń fi owó oníbàárà rẹ̀ ṣòfò ni.

Nípa obìnrin, abala 42 ka ojúsàájú léèwọ̀, síbẹ̀ àṣà ìbílẹ̀ kò yára gbà. Nínú ẹjọ́ Ukeje, ní 2014, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé àṣà Ìgbò tó ní kí ọmọbìnrin má jogún baba rẹ̀ lòdì sí ìwé òfin. Yorùbá tó gbọ́ èyí á ní ìyẹn kò kan àwa, nítorí lọ́dọ̀ wa ọmọbìnrin ń jogún, yálà nípa ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí. Kí ó má yára yangàn. Opó ni tiwa kò tọ́ sí. Nínú ẹjọ́ Akínnúbí, ní 1997, Ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà gbà pé lábẹ́ àṣà Yorùbá aya kò lè jogún ọkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Anekwe tó wá láti Awka, àwọn adájọ́ bẹnu àtẹ́ lu àṣà tó ń lé opó jáde nílé. Kò sí ẹjọ́ tó tíì fi orúkọ Akínnúbí pa á rẹ́ tààràtà, àárín méjèèjì ni opó Yorùbá dúró sí. Obìnrin tó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní ààbò tó dára ju èyí lọ, torí òfin ìjọba ló ń pín ogún tirẹ̀. Ẹni tó rú ẹ̀tọ́ náà kò sì ní láti jẹ́ ìjọba: nínú ẹjọ́ Onwo, ní 1996, opó kan pe àwọn tó fi tipátipá fá irun orí rẹ̀ lẹ́jọ́, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì gbà pé ó lè pè wọ́n.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Ògùn ṣe tiwọn ní 2006. Ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, ní 2003, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Benin padà sílé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lọ síléèwé, tó ń kiri omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú òfin yìí.

Ọmọ náà ló fi ibi tí ìwé òfin ti kọ̀ láti sọ̀rọ̀ hàn. Ẹ̀kọ́, ìlera, iṣẹ́ àti ilé gbígbé wà ní Orí Kejì, kì í ṣe Orí Kẹrin, abala 6 sì dènà adájọ́ láti gbọ́ ẹjọ́ lórí Orí Kejì. Nígbà tí ìjọba Èkó fẹ́ fòpin sí iléèwé aládàáni, ẹjọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie ní 1981 fìdí èyí múlẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbà yí i po ni Ìwé Àdéhùn Áfíríkà, tí àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí ní 1981, tí kò ya ẹ̀tọ́ oúnjẹ òòjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ òṣèlú. Abala 12 ìwé òfin wa ní àdéhùn òkèèrè kò lágbára nílé àfi tí a bá sọ ọ́ di òfin, Nàìjíríà sì ti sọ ti Áfíríkà yìí di òfin ní 1983. Nígbà tí ìjọba ológun gbé lọ́yà Gàní Fáwẹ̀hìnmí nílé rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1996, àdéhùn yìí ló fi pẹjọ́. Ní 2000, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ó ju òfin lásán lọ, àmọ́ kò ga ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè.

Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ilé kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní Abuja. Láti 2005 ló ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kò sì ní kí ènìyàn kọ́kọ́ parí ẹjọ́ nílé, yàtọ̀ sí ìgbìmọ̀ Áfíríkà ní Banjul tó ń béèrè rẹ̀. Ibẹ̀ ni Hadijatou Mani, tí wọ́n tà ní ẹrú ní Niger nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, ti jàre ní 2008. Ibẹ̀ náà ni àjọ SERAP ti gba ìdájọ́ ní 2010 pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí a lè pẹjọ́ lé lórí, àti pé kí ìjọba Nàìjíríà di owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n jí. Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà tó wà ní Arusha kò tíì ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú wa tààrà, nítorí Nàìjíríà kò tíì ṣe ìkéde tó ń gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè.

Ọ̀nà ìpẹjọ́ nílé ti rọrùn ju ti àtijọ́ lọ. Ìlànà ọdún 1979 ní kí olùpẹjọ́ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, kó sì wá láàárín oṣù 12. Èyí tí Adájọ́ Àgbà Idris Kutigi gbé jáde ní 2009 pa méjèèjì rẹ́. Ẹbí, ẹgbẹ́ tàbí àjèjì tí ọ̀rọ̀ dùn lè pẹjọ́ fún ẹni tó wà ní àhámọ́, ìwé ìbúra ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ dípò ẹlẹ́rìí, ó sì yẹ kí wọ́n mú un wá síwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ méje. Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni kó lọ: ọlọ́pàá tó bá wá láti Èkó wá gbé ènìyàn ní Ìbàfò ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ilé-ẹjọ́ Ògùn. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè kọ̀wé sí Àjọ Ìrànwọ́ Òfin, tàbí kó fẹjọ́ sun Àjọ Tó Ń Rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí àwọn ológun gan-an dá sílẹ̀ ní 1995.

Bí ó bá jàre, ibi tó nira jù ló kù. Owó tí adájọ́ bá bu fún un wà lọ́wọ́ ìjọba, òfin kan tó sì ti wà láti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì, ti àwọn akódà ilé-ẹjọ́, ní kò sí ẹni tó lè gba owó ìjọba ní báńkì láìjẹ́ pé Agbẹjọ́rò Àgbà fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò Àgbà yìí ló sábà máa ń gbèjà ìjọba nínú ẹjọ́ kan náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, nínú ẹjọ́ Interstella, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé kò pọn dandan láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti wà nínú gbèsè náà. Ní gbogbo ibòmíràn, òfin àtijọ́ náà ṣì dúró.